Dífù iwájú ATV fún oko Àkùfọ̀: onílọ́ọ̀kì ni kí n rà àbí limited-slip?

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo fẹ́ ra ATV tòkunbọ̀ kan, ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń wọ ẹrẹ̀, fún oko wa lẹ́yìn Àkùfọ̀, nítòsí Ìbàdàn. Ọ̀kadà tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti fún wa níyọnu tó. Ọmọkùnrin tó ń gùn ún ti ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀kẹta ló dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi tó ní òun ò ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ilẹ̀ náà, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Láti ojú títì dé ibi ọ̀pẹ, ọ̀nà amọ̀ pupa ni. Katakata ti gbẹ́ ipa táyà sí i lọ́tùn-ún lósì, ibòmíràn jìn dé agbede ojúgun mi. Bí òjò bá ti mú un nínú oṣù kẹrin, omi kì í gbẹ nínú ipa yẹn títí oṣù kẹwàá yóò fi parí, àfi ìgbà díẹ̀ tí òjò bá sinmi nínú oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn a ó sọdá odò kékeré kan. Omi rẹ̀ kì í ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ga, ó sì máa ń yọ̀ bí ilá. Ìkọjá odò ni àkùrọ̀ wà, ibẹ̀ la ti ń kó ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gẹ́ jáde. Láàárín ọ̀pẹ, ilẹ̀ tẹ́, àmọ́ yíyà ló pọ̀ níbẹ̀, bí ẹ bá yà sọ́tùn-ún tán, ẹ tún yà sósì.

ATV méjì ni wọ́n fi hàn mí, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ẹni tó ń tà wọ́n lè wà láàárín wa níbí, a ò sì tíì ná an tán. Pupa ní bọ́tìnnì lára hándù: ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin (iye ẹsẹ̀ táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí), lẹ́yìn náà lọ́ọ̀kì fún dífù iwájú, ìyẹn gíà tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Aláwọ̀ ewé ò ní lọ́ọ̀kì. Wọ́n ní limited-slip ló wà níwájú rẹ̀, pé ó "mọ ohun tó ń ṣe fúnra rẹ̀". Pupa fi ₦300,000 wọ́n ju èkejì lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé èyí ló dáa. Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ_Mápó kọ:

Lọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ tán.

MẹkáníìkìGéètì kọ:

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o, Ọmọ Mápó. Ọ̀gá ní ká sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbẹ̀, tí ẹ bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ọ̀tún lọ. Bí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀ gbọingbọin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Dífù ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sáré ní ìwọ̀n tirẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ó dáa.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí. Ẹ rántí kànga tó ní púlì lókè, okùn kan, garawa kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé púlì yẹn sókè pẹ̀lú garawa méjèèjì. Agbára tó ń fa ti ọ̀tún náà ló ń fa ti òsì, okùn kan ṣáà ni. Wàyí o, kí ẹnì kan já garawa ọ̀tún kúrò. Okùn á sáré gba orí púlì kọjá, garawa òsì á bọ́ sínú kànga. Ẹ lè máa gbé púlì sókè títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí omi bù. Dífù lásán nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ ni garawa tó já, ó ń yí fìrìfìrì. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle dúró, ó ń wò ó.

Lọ́ọ̀kì túmọ̀ sí pé ẹ so okùn mọ́ púlì. Kí ọ̀kan já, kí ó má já, èkejì ò lọ síbì kankan. Limited-slip ní tirẹ̀, ẹ ò so okùn, ṣùgbọ́n púlì náà le, okùn ń ha á kó tó yọ̀. Garawa tó kù ò ní bọ́ kíá, àmọ́ bó bá wúwo jù, okùn á yọ̀ ṣá ni.

Ẹ tún mọ̀ pé lára ọ̀pọ̀ ATV oko, kò sí dífù lẹ́yìn rárá. Áàsù kan ló mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Torí náà ẹ̀yìn ti wà ní lọ́ọ̀kì láti ilé iṣẹ́ wá, iwájú nìkan ni gbogbo àríyànjiyàn yìí wà. Bí dífù iwájú bá jẹ́ lásán tí ẹsẹ̀ kan sì yọ̀, owó ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹ san, méjì ló ń ṣiṣẹ́ fún yín.

ÌyáẸlẹ́ja kọ:

Àbúrò, ẹ má rà á lórí ọ̀rọ̀ Ọmọ Mápó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọ̀nà Ẹgbẹ́dá ni mo ti ń sin ẹja àrọ̀. Adágún mẹ́jọ ni, ilẹ̀ tó sì wà láàárín adágún kan sí èkejì ò ju mítà méjì lọ. Onílọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ rà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́nu ọ̀nà oko mi, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ tan lọ́ọ̀kì, ó jáde nínú ẹrẹ̀ wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó gbàgbé bọ́tìnnì síbẹ̀. Ó gbé àpò oúnjẹ ẹja mẹ́fà, kìlò 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bọ̀ lórí ilẹ̀ tóóró yẹn. Ó dé igun, ó yí hándù. Ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ti yí sọ́tùn-ún, gbogbo ará ATV ṣì ń lọ sọ́ọ̀ọ́kán, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa ewúrẹ́ tí ò fẹ́ lọ. Ó rọra gbé imú wọ adágún kẹta.

Ọmọ náà bẹ́ sílẹ̀, kò fara pa, mo dúpẹ́. Àpò mẹ́rin wọ omi. Ẹja jàsè lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti tà á. Limited-slip ni mò ń wá báyìí. Bí ẹ̀yin bá mú pupa, ẹ wá sọ fún mi iye tí wọ́n pe aláwọ̀ ewé.

MẹkáníìkìGéètì kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí lọ́ọ̀kì bá wà lórí, ẹsẹ̀ méjèèjì ń sáré bákan náà, bẹ́ẹ̀ yíyà nílò kí ọ̀kan yára ju èkejì. Àwọn méjèèjì á wá máa ti iwájú lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ẹ̀ẹ́ ṣì yà. Lórí ilẹ̀ tó gbẹ, ẹ ò ní yà, ẹ máa jà ni.

Òmíràn tún wà. Tí ẹsẹ̀ kan bá kọlu gbòǹgbò nígbà tí lọ́ọ̀kì wà lórí, hándù á já gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò gbọdọ̀ fi àtàǹpàkò há inú hándù. Èmi tí mò ń sọ yìí, mo ti fi ọwọ́ wíwú tún ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ní mọ́tò iná tó ń ran hándù lọ́wọ́ ò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbára lé e.

Ọmọ_Mápó kọ:

Kò burú, mo gbà pé mo kù gìrì. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn: ṣebí ó ní bọ́tìnnì? Ẹni tó ní lọ́ọ̀kì lè pa á. Ẹni tí ò ní, kò lè tan ohun tí ò sí. Kí ló wá burú nínú kéèyàn ra èyí tó ní méjèèjì?

Dúró_ní_Winnipeg kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti ìlú òtútù. Ọmọ Òkè Àdó ni mí, Kánádà ni mo wà báyìí. Mo ti fi ATV ti yìnyín kúrò nílẹ̀ fún ọdún díẹ̀, mo sì lè sọ pé yìnyín dídán àti amọ̀ Ìbàdàn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ìbéèrè Ọmọ Mápó dáa, àmọ́ ó ní ìdí. Tí ẹ bá pa lọ́ọ̀kì, kí ló kù nínú dífù náà? Lára àwọn kan, dífù lásán ló kù. Lára àwọn mìíràn, limited-slip ṣì wà lábẹ́ lọ́ọ̀kì. Yamaha Grizzly 660 tó jáde ní 2002, bọ́tìnnì rẹ̀ ní ipò mẹ́ta: ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú limited-slip, lẹ́yìn náà lọ́ọ̀kì pátápátá. Ìyẹn ni "méjèèjì" tòótọ́. Torí náà kí ọ̀gá Àgbẹ̀ wádìí pupa rẹ̀ dáadáa, kó mọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀ tí bọ́tìnnì ò bá sí lórí lọ́ọ̀kì, torí ipò yẹn ni yóò máa lò jù.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọgbọ́n tirẹ̀. Honda lo limited-slip lára Foreman àti Rancher fún ọjọ́ pípẹ́, kò sí bọ́tìnnì lọ́ọ̀kì. Ìgbà tí Foreman Rubicon ti 2015 dé ni wọ́n fi lọ́ọ̀kì sí i. Kawasaki Brute Force 750 ní ọ̀pá kékeré lápá òsì hándù tí ẹ máa fi ìka fà. Bí ẹ bá ṣe fà á tó ni dífù ṣe ń dì mú tó, bí ẹ bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tú. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí èèyàn ò lè gbàgbé rẹ̀ sórí bí ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja. Can-Am ní èyí tí wọ́n ń pè ní Visco-Lok. Tí ẹsẹ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ju èkejì lọ, pọ́ǹpù kan nínú dífù á ti omi tó ki, omi yẹn á fún àwọn pílétì pọ̀ títí méjèèjì á fi máa yí bákan náà. Polaris kì í lo bọ́tìnnì lọ́ọ̀kì níwájú. Rólà kéékèèké ló wà nínú tiwọn, tí ẹ̀yìn bá yọ̀, wọ́n á há, iwájú méjèèjì á sì fà pọ̀.

Àkíyèsí kan lórí èyí tó ń lo pọ́ǹpù: ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí lásán díẹ̀ kí pọ́ǹpù tó rí ohun tì. Lórí yìnyín, kò ṣe nǹkan. Nínú amọ̀ Àkùfọ̀, ìyípo díẹ̀ yẹn ti gbẹ́ ihò tán.

MẹkáníìkìGéètì kọ:

Bọ̀dá Winnipeg, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà kún un, torí ibẹ̀ gan-an ni oko ọ̀gá Àgbẹ̀ wà.

Ká ní ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ lè gba agbára 20 kó tó yọ̀. Dífù lásán á fún èkejì ní 20 náà, àpapọ̀ 40. Limited-slip onígíà, irú èyí tó lè fún ẹsẹ̀ tó dúró dáadáa ní ìlọ́po mẹ́ta, á fún èkejì ní 60, àpapọ̀ 80. Ó ti di ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, ẹ ò sì tẹ bọ́tìnnì kankan. Nínú ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì ń kan ilẹ̀, ohun tí èèyàn fẹ́ nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Wàyí o, ẹ wo ipa katakata tí ọ̀gá sọ. Tí ATV bá gba ẹ̀gbẹ́ ipa kan gorí èkejì, ó máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì tó wà ní igun sí igun, bíi iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún. Ẹsẹ̀ iwájú kan á wà lófuurufú. Agbára tí ẹsẹ̀ òfuurufú lè gbà? Òfo. Ìlọ́po mẹ́ta òfo, òfo ni. Limited-slip onígíà ò ní ran yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Onípílétì á ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, ìwọ̀n bí sípíríìnì inú rẹ̀ bá ṣe fún pílétì tó. Lọ́ọ̀kì á mú yín jáde.

Ọgbọ́n kan wà fún ẹni tí ò ní lọ́ọ̀kì. Ẹ fi í sí gíà kékeré, ẹ tẹ iná díẹ̀, kí ẹ rọra tẹ bíréèkì iwájú pọ̀ mọ́ ọn. Bíréèkì á di ohun tí ẹsẹ̀ òfuurufú ń tì, dífù á ní nǹkan tí yóò sọ di ìlọ́po. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, òórùn rọ́bà tí ẹ máa gbọ́ yẹn, bẹ́líìtì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ló ń jó.

Ọ̀dọ́Bódìjà kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ìbéèrè kékeré. Mo ní onílọ́ọ̀kì, mo sì fẹ́ máa tan lọ́ọ̀kì tí mo bá ń sáré lọ́nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kó lè di ilẹ̀ mú. Àmọ́ kì í sáré mọ́ tí mo bá tan án. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Tísà_Mọ́níyà kọ:

Ọmọ mi, kò bàjẹ́, àwọn tó ṣe é ló ní làákàyè. Lára Grizzly tí wọ́n ń sọ yẹn, tí lọ́ọ̀kì bá wà lórí, ẹ̀rọ náà ò ní jẹ́ kí o kọjá bíi kìlómítà 35 láàárín wákàtí. Títì ọ̀dà kọ́ ni ibi lọ́ọ̀kì. Kódà ẹsẹ̀ mẹ́rin gan-an, má lò ó lórí ọ̀dà. Táyà ò rí ibi yọ̀, ṣáàfù àti CV joint, oríkèé ṣáàfù tó ń yí ẹsẹ̀, ni yóò gba gbogbo ìjà náà. ATV fúnra rẹ̀, oko ló wà fún. Bàbá rẹ mọ̀ pé o ń bá àwọn ọkọ̀ akérò sáré lọ́nà yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí i, torí gbogbo yín ń sọ dífù, ẹ gbàgbé táyà. ATV ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń fa iwájú fa ẹ̀yìn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Honda TRX350 ló ṣáájú, ní 1986. Láti ìgbà yẹn wá, táyà rẹ̀ ń lo atẹ́gùn kékeré. Ẹ ka ara táyà yín. Púpọ̀ nínú wọn á sọ fún yín pé nǹkan bíi 5 psi ni. Fọkanáísà tó wà ní ìta wa níbí, ó wò ó, ó ní táyà náà "rọ̀", ó sì fún un ní 30. Nígbà tí mo dé, ó ti wú bíi àgbá, ATV ń ta lórí òkúta bíi bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí táyà tẹ́ sórí ẹrẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá wá le ju èkejì, dífù ò ní sinmi kódà lójú ọ̀nà tó tọ́, torí táyà kékeré ń sáré ju èyí tó wú. Limited-slip onípílétì á máa jẹ ara rẹ̀ tán bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ kọ:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọkàn mi ń lọ sí pupa nítorí ipa katakata. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé lọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́, tí wọn ò bá ní jẹ́ kí n gbé e dé oko?

MẹkáníìkìGéètì kọ:

Jáàkì kan ti tó. Ẹ gbé iwájú sókè kí ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí ẹ̀yìn wà nílẹ̀, ẹ fi gíà sí ibi ìgúnlẹ̀, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi sí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹ yí ẹsẹ̀ òsì síwájú. Tí ọ̀tún bá yí sẹ́yìn, dífù ń ṣe dífù. Ẹ wá tẹ lọ́ọ̀kì. Iná pánẹ́ẹ̀lì lè máa ṣẹ́jú. Eyín lọ́ọ̀kì ò tíì bọ́ sójú ara wọn nìyẹn. Ẹ mi hándù lọ sọ́tùn-ún sósì, ẹ yí ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ máa gbọ́ "kó!" Iná á dúró. Láti ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ òsì ò gbọdọ̀ yí mọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ fi ìbínú yí i.

Limited-slip onípílétì, ẹ yí i bákan náà. Ó yẹ kó le lọ́wọ́. Tó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, pílétì ti jẹ tán, dífù lásán ni wọ́n ń tà fún yín. Àyẹ̀wò yìí ò ṣiṣẹ́ fún onípọ́ǹpù o, ìyẹn kì í le tí ẹ bá rọra yí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ dífù, kí ọ́ìlì díẹ̀ kán sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa lọ sílé. Ọ́ìlì tó mọ́ tàbí tó dúdú, kò burú. Tó bá funfun bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọlé. Ẹ fọwọ́ pa irin mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lórí nọ́ọ̀tì: ìyẹ̀fun dúdú kò ṣe nǹkan kan, èérún irin tó ń gún lọ́wọ́ ni ẹjọ́.

Ẹ tún wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde lórí dífù, ibi tó ti ń mí ni. Dífù tó gbóná tó já sínú omi tútù máa ń fa èémí. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí rọ́bà yẹn, ẹ̀gbẹ́ síìlì ni yóò ti fa omi mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọdá odò lójoojúmọ́, ẹ so ẹnu rọ́bà náà ga dé abẹ́ hándù.

Dúró_ní_Winnipeg kọ:

Kí wọ́n má sì da ọ́ìlì yòówù sí i o. Ti Polaris, fún àpẹẹrẹ, ní omi tirẹ̀ tí ilé iṣẹ́ pè fún. Ọ́ìlì gíà tó ki lè máà jẹ́ kí rólà yẹn há bó ṣe yẹ. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹni tó ń ta ọ́ìlì.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti dé.

Èmi àti MẹkáníìkìGéètì la jọ lọ, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Pupa la kọ́kọ́ gbé sórí jáàkì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin wọlé dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì yí, ọ̀tún yí sẹ́yìn, ó sì le díẹ̀, ìyẹn ni pé limited-slip wà lábẹ́ lọ́ọ̀kì bí bọ̀dá Winnipeg ṣe sọ. A tẹ lọ́ọ̀kì. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. A mi hándù, a yí ẹsẹ̀, iná ṣì ń ṣẹ́jú. Ẹni tó ń tà á ní "ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní oko ẹ máa rí i". Ọ̀gá mẹkáníìkì ò dá a lóhùn. Ó dùbúlẹ̀, ó na ọwọ́ sí mọ́tò kékeré tó ń ti lọ́ọ̀kì wọlé, ó fa ẹnu wáyà rẹ̀ yọ. Omi kán jáde. Irin inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Ó fi pẹtiróò fọ̀ ọ́, ó fi pépà ìha ha á, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà. Mo tẹ bọ́tìnnì. "Kó!" Mo di ẹsẹ̀ òsì mú, mo fi gbogbo ara yí i, ẹni tó ń tà á bá mi yí i. Kò mì.

A lọ sí aláwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀tì kò tíì tú tán tí gbogbo wa ti rí i. Tíì ni, mílíìkì rẹ̀ pọ̀ gan-an. Síìlì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti gé. Àmọ́ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́, kò sí èérún, pílétì sì ṣì le lọ́wọ́.

Mo ra pupa. Wọ́n yọ ₦80,000 fún mi nítorí ẹnu wáyà yẹn. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní ₦500 pépà ìha ló ná òun.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé e dé oko. Nínú ipa katakata, mo fi í sí ẹsẹ̀ mẹ́rin lásán. Ó ń lọ, ẹrẹ̀ ń ta sókè, kò dúró. Nígbà tó dé ibi tí ipa méjèèjì ti já wọnú ara wọn, ó dùbúlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú gbéra nílẹ̀ bíi ìka mẹ́rin. Ó ń yí fìrìfìrì, ẹrẹ̀ ara rẹ̀ ń fò lọ sára ewé ọ̀pẹ. Mo dúró, mo tẹ lọ́ọ̀kì, mo mi hándù, iná dúró. Mo rọra tẹ iná. Ó gun orí rẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.

Etí odò náà, bákan náà. Ìgbà tí mo padà dé àárín ọ̀pẹ ni mo rántí ìyá wa, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Hándù ti yí, ATV ò yí. Àpá rẹ̀ wà lára ọ̀pẹ kan báyìí, ọ̀pẹ náà ò ṣe nǹkan kan. Mo ti lẹ téèpù pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, ọmọkùnrin tó dá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà padà ti gba kọ́kọ́rọ́ èyí, ó ní òun á máa wo téèpù.

ÌyáẸlẹ́ja kọ:

Àbúrò, ẹ kú oríire. Síìlì tó gé yẹn, èló ni títún un ṣe?

MẹkáníìkìGéètì kọ:

Ìyá wa, síìlì ò wọ́n. Fífọ̀ ọ́ ló lágbára. Mo máa da ọ́ìlì sí i, ẹ ó gùn ún ọjọ́ kan, mo máa dà á nù, kí n tún da òmíràn, títí kò fi ní funfun mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n yọ owó síìlì, owó bẹ́ríìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti owó ọ́ìlì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má bẹ̀ wọ́n. Tíì yẹn ni kí ẹ fi hàn wọ́n.

Ọmọ_Mápó kọ:

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ pé lọ́ọ̀kì, ṣé ẹnì kankan ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni?

ÌyáẸlẹ́ja kọ:

Aláwọ̀ ewé ti dé Ẹgbẹ́dá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ́ìlì kẹta ti jáde, ó mọ́. Láàárọ̀ yìí mo jókòó lórí àga, mo ní kí ọmọ náà gbé àpò mẹ́fà yí gbogbo igun adágún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ká níṣojú mi. Ó yà, ó yà, ó yà. Ẹja adágún kẹta ti yọrí sókè, wọ́n ń retí.